Ẹ̀jẹ̀ Nínú Ìtọ̀: Bí Wọ́n Ṣe Ń Dá Jẹjẹrẹ Iṣan Ẹ̀jẹ̀ Kíndìnrín Mọ̀

Bí àgbẹ̀ kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún bá tọ ẹ̀jẹ̀ ní abúlé kan lẹ́yìn Móníyà, tàbí ní ẹ̀bá Lálúpọn, nítòsí Ìbàdàn, àfàìmọ̀ kí orúkọ àìsàn náà má ti wà nílẹ̀ kó tó wọlé dé. Àwọn kan á ní àtọ̀sí ajá ni, torí odò ló ń là kọjá lọ sóko. Àwọn mìíràn á ní àtọ̀sí lásán ni, wọ́n á sì máa ṣírò irú ìgbé ayé tó gbé nígbà èwe. Bí ẹ̀yìn bá tún ń ro ó, wọ́n á ní làkúrègbé ti dá sí i, àgbo sì wà fún un. A kò lè pe èyíkéyìí nínú àlàyé wọ̀nyí ní ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Àrùn tó wọ́pọ̀ ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ rò, bẹ́ẹ̀ náà ni dókítà ṣe ń rò ó. Àmọ́ jẹjẹrẹ kan wà tó ń hù látara iṣan ẹ̀jẹ̀ inú kíndìnrín, angiosarcoma ni àwọn oníṣègùn ń pè é, ìrìn rẹ̀ sì jọ ti gbogbo àwọn àrùn tí mo kà sílẹ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé àìsí ẹ̀rọ ńlá ni kì í jẹ́ ká rí irú àrùn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ wúlò o, ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ tó kan ẹ̀rọ ni nǹkan ti máa ń wọ́: orúkọ àkọ́kọ́ tí wọ́n fún àìsàn náà ti tẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́rùn, ẹnikẹ́ni kò sì béèrè ẹ̀rí mọ́. Ẹ̀rí tí àrùn yìí ní kò ju ọ̀kan lọ, ẹran-ara tí wọ́n gé lára kókó náà ni. Ohun gbogbo tí a óò sọ ní orí yìí dá lórí bí ẹran-ara yẹn ṣe lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó lè kà á láìbàjẹ́.

Gbogbo iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lára wa, látorí èyí tó tóbi bí àtàǹpàkò dórí èyí tó tín ju irun lọ, ni awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tẹ́ inú rẹ̀. Ìpele sẹ́ẹ̀lì kan péré ni awọ náà nípọn tó. Bí àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí bá ya jẹjẹrẹ, wọn kì í gbàgbé iṣẹ́ wọn pátápátá. Wọ́n ṣì ń gbìyànjú láti kọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀, àmọ́ iṣan tí kò lórí tí kò nídìí ni wọ́n ń kọ́. Ẹ̀jẹ̀ á wọ inú rẹ̀, kò ní rí ọ̀nà jáde, iṣan á bẹ́, ẹ̀jẹ̀ á sì dì síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kókó náà fi máa ń jọ ẹ̀jẹ̀ dídì ju bó ṣe jọ jẹjẹrẹ lọ. Nínú ọgọ́rùn-ún jẹjẹrẹ tó ń mú àgbàlagbà, bí ẹyọ kan ló ń ti ara ẹran-ara rírọ̀ bí iṣan àti ọ̀rá bẹ̀rẹ̀, jẹjẹrẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ kò sì ju 1 sí 2 lọ nínú ọgọ́rùn-ún irú ìyẹn. Àwọ̀ orí àti ojú àwọn arúgbó ló máa ń mú jù, ó sì máa ń mú ọmú tí wọ́n ti fi ìtànṣán tọ́jú rí. Ní ti ẹ̀dọ̀, a mọ ohun kan tó ń fà á: ní 1974 ni wọ́n kéde rẹ̀ lára àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan ní Louisville, ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń fi gáàsì vinyl chloride ṣe ike. Ní ti kíndìnrín, a kò rí ohun kan tí a lè nà ní ìka. Àwọn tí ìwé ìṣègùn ti kọ nípa wọn jákèjádò ayé kéré gan-an, ọkùnrin tó ti dàgbà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Kíndìnrín méjèèjì sì rèé, ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tú jáde ni wọ́n ń gbà. Bí jẹjẹrẹ bá sọ̀ kalẹ̀ sí irú ibi bẹ́ẹ̀, kì í pẹ́ kó tó bá ẹ̀jẹ̀ rìn dé ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀dọ̀ àti eegun.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ àtọ̀sí ajá wò, torí òun ni ẹjọ́ rẹ̀ múná jù ní agbègbè wa. Dókítà ará Jámánì kan, Theodor Bilharz, ló rí aràn tó ń fà á ní Cairo ní 1851. Inú ìgbín kékeré tó ń gbé inú omi ni aràn náà ti ń dàgbà. Bí ọmọ bá wẹ̀ nínú odò, aràn náà á gba awọ ara rẹ̀ wọlé, nígbà tó bá yá ẹyin rẹ̀ á máa gún àpò ìtọ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì máa jáde. Ohun tí ìwádìí fi hàn léraléra ni pé àwọn ọmọ ọdún 10 sí 14 ni aràn yìí ń bá jà jù. Nítorí náà, bí ọmọ iléèwé bá tọ ẹ̀jẹ̀ ní abúlé tó wà létí odò, ẹni tó bá sọ pé àtọ̀sí ajá ni kò jẹ̀bi. Bí ẹni ọgọ́ta ọdún bá tọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀, ọjọ́ orí nìkan sì ti tó láti mú ká béèrè ẹ̀rí. Ẹ̀rí ọ̀hún kò le: kí wọ́n gba ìtọ̀ láàárín aago 10 àárọ̀ sí aago 2 ọ̀sán, nígbà tí ẹyin aràn máa ń pọ̀ jù nínú rẹ̀, kí wọ́n sì wò ó lábẹ́ maikirosíkóòpù. Bí ẹyin bá wà níbẹ̀, oògùn praziquantel wà, 40 mílígíráàmù fún kílò ìwọ̀n ara kọ̀ọ̀kan, ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Bí kò bá sí ẹyin, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ṣì ń jáde lẹ́yìn oògùn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tún oògùn kan náà lò lẹ́ẹ̀kejì kó tó ronú síwájú. Kódà bí wọ́n bá rí ẹyin lára àgbàlagbà, ẹjọ́ kò tíì parí, torí aràn yìí wà lára àwọn ohun tí àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ kà kún ohun tó ń fa jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀.

Ohun kan wà tó ń dáàbò bo orúkọ àkọ́kọ́ yẹn ju ohunkóhun lọ, òun ló sì yẹ kí àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn alábọ́dé máa sọ fáwọn èèyàn lójoojúmọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ti kíndìnrín tó ní jẹjẹrẹ wá kì í jáde lójoojúmọ́. Á wá lónìí, á wá lọ́la, á sì dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣe nǹkan kan sí i. Kò sóhun tó burú tó ìyẹn fún ẹni tó ń wá òtítọ́. Ẹni tó mu àgbo ní ọjọ́ kejì á ní àgbo ló gbà á. Ẹni tó ra kápúsù lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri oògùn lọ́jà Akanran á ní kápúsù ni. Ẹni tó gbààwẹ̀, á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá tún dé lẹ́yìn oṣù méjì, ohun tó ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n á padà sí, bẹ́ẹ̀ ni oṣù á máa gun orí oṣù. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dáwọ́ dúró, kò fi hàn rárá pé oògùn ṣiṣẹ́. Bí àgbàlagbà bá tọ ẹ̀jẹ̀ tó hàn sójú, kódà lẹ́ẹ̀kan péré, tí kò sì dùn ún, ó yẹ kí wọ́n yẹ kíndìnrín àti àpò ìtọ̀ rẹ̀ wò. Kò dìgbà tó bá tún jáde.

Èyí tún kan àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ AS. Nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́rin láàárín àwa ọmọ Nàìjíríà ló jẹ́ AS, òótọ́ sì ni pé irú ẹ̀jẹ̀ yìí lè mú kéèyàn tọ ẹ̀jẹ̀ láìsí jẹjẹrẹ kankan, torí inú kíndìnrín lọ́hùn-ún jẹ́ ibi tí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ti kéré, tí sẹ́ẹ̀lì pupa sì lè tẹ̀ kọrọdọ. Ọ̀pọ̀ dókítà á sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì tọ̀nà. Àmọ́ ní 1995, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ṣàpèjúwe jẹjẹrẹ kíndìnrín mìíràn, èyí tí wọ́n ń pè ní renal medullary carcinoma, tó jẹ́ pé àwọn ọ̀dọ́ tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ AS ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń mú nìkan. Ó ṣọ̀wọ́n, ó burú, kò sì fi gbogbo ara jọ ti iṣan ẹ̀jẹ̀. Ìdí tí mo fi mú un wá síbí ni pé ó fi hàn bí àlàyé tó jẹ́ òótọ́ ṣe lè bo òótọ́ mìíràn mọ́lẹ̀. Àlàyé tó jẹ́ irọ́ kì í pẹ́ já; èyí tó jẹ́ òótọ́ láàbọ̀ ló ń pẹ́ nílẹ̀.

Bí aláìsàn bá wá dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe skáànì, kókó á hàn nínú kíndìnrín, inú ẹbí á sì dùn pé wọ́n ti mọ ohun tó ń ṣe é. Ohun tí skáànì sọ kò ju pé kókó wà, bó ṣe tóbi tó, àti apá ibi tó wà. Skáànì CT tó gbówó lórí jù bẹ́ẹ̀ lọ á fi kún un pé ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ kíndìnrín tó wọ́pọ̀ náà kún fún ẹ̀jẹ̀; lójú àwòrán, méjèèjì kò ṣeé yà sọ́tọ̀. Nígbà mìíràn pàápàá, ẹ̀jẹ̀ dídì ni kókó náà á jọ pátápátá, bí aláìsàn bá sì ti ṣubú lórí ọ̀kadà ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ìṣubú yẹn ni wọ́n á di gbogbo rẹ̀ rù. Bí ó bá ti dé ẹ̀dọ̀fóró, tí aláìsàn ń hú ikọ́ ẹlẹ́jẹ̀, tó sì ń rù, ikọ́ ẹ̀gbẹ ni wọ́n á kọ́kọ́ rò, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn ní ilẹ̀ tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ti gbilẹ̀. Àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ló yẹ kó tẹ̀ lé e kíákíá. Bí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bá mọ́, tí kókó sì wà nínú kíndìnrín, kò yẹ kí wọ́n fi ojú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wo àyà àti ikùn ẹnìkan ṣoṣo.

Àtakò tó lágbára jù ní abúlé wa ni ti abẹ: wọ́n ní bí irin bá kan jẹjẹrẹ, á tàn ká. Àwọn dókítà máa ń yára fi ẹ̀rín gba èyí kọjá, mo sì rò pé kò yẹ bẹ́ẹ̀, torí ọ̀rọ̀ náà ní egungun díẹ̀ nínú. Ní ti kíndìnrín, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ kì í fi abẹ́rẹ́ gún kókó kó tó di pé wọ́n yọ ọ́. Wọ́n máa ń yọ gbogbo kíndìnrín náà papọ̀ bí kókó bá tóbi tí èkejì sì dára. Abẹ́rẹ́ tó gún kókó tó kún fún ẹ̀jẹ̀ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ya, ohun tí abẹ́rẹ́ náà sì máa fà jáde lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ dídì lásán tí kò sọ nǹkan kan. Kí jẹjẹrẹ tọ ipa abẹ́rẹ́ jáde ti ṣẹlẹ̀ rí, àmọ́ ó ṣọ̀wọ́n gan-an. Ohun tó wọ́pọ̀ tó sì ń mú kí ìgbàgbọ́ yìí fìdí múlẹ̀ ni pé ìgbà tí jẹjẹrẹ ti rìn tán ni wọ́n ń gbé aláìsàn dé tábìlì iṣẹ́ abẹ. Ó kú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ojú gbogbo ayé rí abẹ, ojú kankan kò rí oṣù mẹ́wàá tí jẹjẹrẹ fi rìn ṣáájú. Nítorí náà ìdáhùn sí ẹni tó ń bẹ̀rù irin kì í ṣe pé irin kò léwu. Kó béèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́ abẹ bóyá ó fẹ́ yọ kókó náà odindi ni tàbí ó fẹ́ gé díẹ̀ níbẹ̀, àti ìdí tó fi yan èyí tó yàn. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Nígbà tí kíndìnrín bá ti jáde ni iṣẹ́ tó gbẹgẹ́ jù ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni wọ́n ti ń ba ẹ̀rí jẹ́ jù lọ. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn kéékèèké, ẹbí ni wọ́n ń gbé ẹran náà lé lọ́wọ́ pé kó gbé e lọ sí láàbù. Bí wọ́n bá rì í sínú omi lásán tàbí omi iyọ̀, nínú ooru wa yìí, á ti máa rà kí ilẹ̀ tó ṣú. Formalin ló yẹ kó wà nínú rẹ̀, kó pọ̀ tó ìlọ́po mẹ́wàá ẹran náà. Síbẹ̀ formalin nìkan kò tó. Bíi mílímítà kan péré ló ń wọnú ẹran ní wákàtí kan. Kíndìnrín tí wọn kò là sí méjì á gbó lẹ́yìn, inú rẹ̀ á sì ti jẹrà kó tó kàn án. Àwọn sẹ́ẹ̀lì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó tẹ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ wà lára àwọn tó ń tètè bàjẹ́. Ẹni tó bá gbé igò náà láti Ìyànà Ọ̀fà dé Ìbàdàn lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta lè gbé kókó tó tóbi dé tí kò sí ẹ̀rí kankan nínú rẹ̀ mọ́.

Bí ó bá dé ní pípé, dókítà tó ń yẹ ẹran-ara wò á gé e sí wẹ́wẹ́. Ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí yóò gé. Àárín kókó sábà máa ń jẹ́ ẹ̀jẹ̀ dídì àti òkú ẹran. Etí rẹ̀, níbi tó ti ń wọnú kíndìnrín tó dára, ni jẹjẹrẹ tó wà láàyè ń sá pamọ́ sí. Ẹni tó mú ègé méjì láti àárín á kọ ọ́ pé ẹ̀jẹ̀ dídì ni, kò sì purọ́. Wọ́n á rì ègé náà sínú ìda gbígbóná, wọ́n á rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́ débi pé tí wọ́n bá to igba irú rẹ̀ léra, kò ní ju mílímítà kan lọ, wọ́n á wá re é láró. Aró kan tí wọ́n ń fà yọ lára igi kan ní Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà á sọ ọmọ inú sẹ́ẹ̀lì di àwọ̀ elésè àlùkò, èkejì á sọ ìyókù di àwọ̀ osùn. Ohun tó ń wá ni ihò wẹ́wẹ́ tó ń já wọnú ara wọn láìní ètò, tí sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ wọn nínú tóbi, tó dúdú, tó sì ń pín kiri. Bí ojú bá ń ṣiyèméjì, àyẹ̀wò mìíràn wà tó ń lo èròjà tó máa ń lẹ̀ mọ́ irú sẹ́ẹ̀lì kan pàtó. Èyí tí wọ́n ń pè ní CD31 àti ERG á lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì iṣan ẹ̀jẹ̀. PAX8 á lẹ̀ mọ́ ti kíndìnrín fúnra rẹ̀. Kódà níbẹ̀, ẹ̀tàn wà: irú angiosarcoma kan wà tó ń gba èròjà keratin, èyí tó jẹ́ ti jẹjẹrẹ lásán, ẹni tó bá sì fi ẹyọ àyẹ̀wò kan parí ẹjọ́ á pè é ní ohun tí kì í ṣe.

Àwọn kan á bi mí pé, kí ni gbogbo wàhálà yìí wà fún? Àrùn tó máa ń pa èèyàn láàárín oṣù mélòó kan, kí ni orúkọ rẹ̀ fẹ́ ṣe fún un? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti aláìmọ̀kan, mo sì ti gbọ́ pé àwọn tó kàwé náà ń béèrè rẹ̀. Ìdáhùn àkọ́kọ́ wà nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2009, nígbà tí àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Montgomery àti Epstein, ṣàpèjúwe kókó iṣan ẹ̀jẹ̀ kan tó máa ń hù nínú kíndìnrín, tí ihò rẹ̀ ń já wọnú ara wọn gẹ́lẹ́ bíi ti jẹjẹrẹ yìí, tó sì ń gba CD31 bákan náà. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Bí wọ́n bá ti yọ ọ́, ó parí. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni pé sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kò ya ẹhànnà, wọn kì í sì í pín kiri, ìyẹn ẹran tí kò jẹrà nìkan ló lè fi hàn. Ẹni tó ní èyí tí wọ́n pè ní tọ̀hún á ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ nítorí oògùn tí kò nílò, tàbí kó lọ sílé lọ máa retí ikú tí kò sí lọ́nà. Ìdáhùn kejì ni pé oògùn wọn yàtọ̀: àwọn oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ kíndìnrín tó wọ́pọ̀ kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ń lò fún ti iṣan ẹ̀jẹ̀, paclitaxel àti doxorubicin ni ìyẹn ń gbà, fún ìgbà díẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé kò sí oògùn tó lè dá a dúró mọ́, ẹni tó mọ̀ lè yàn láti ná owó tó kù sórí oògùn ìrora, kó sì ṣètò ilé rẹ̀.

Ti owó le ju ti ìmọ̀ lọ. Ní Nàìjíríà, ó ju ìdá méje nínú mẹ́wàá owó ìtọ́jú ìlera lọ tó ń ti àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ jáde tààrà, àyẹ̀wò CD31 àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í sì í ṣe owó gaàrí. N kò ní í sọ pé kí gbogbo àgbẹ̀ tó bá tọ ẹ̀jẹ̀ máa lọ ṣe é. Kò pọn dandan. Àyẹ̀wò ìtọ̀ kò wọ́n, skáànì ikùn wọ́n jù ú lọ díẹ̀, ẹni tí skáànì bá rí kókó lára rẹ̀ nìkan ló ń tẹ̀ síwájú, nínú àwọn yẹn sì rèé, aró méjì àkọ́kọ́ ló máa yanjú ti èyí tó pọ̀ jù. Àwọn díẹ̀ tó kù ni àyẹ̀wò olówó ńlá wà fún. Ìnáwó tó ń run ẹbí ni oṣù mẹ́jọ tí wọ́n fi ń ra oríṣiríṣi nǹkan láìmọ ohun tí wọ́n ń bá jà.

Àtakò tó kẹ́yìn ni pé àrùn tó ṣọ̀wọ́n tó báyìí kò yẹ lẹ́ni tó ń kọ̀wé fún àwọn ará Ọ̀nà-Àrà àti Ẹgbẹ́dá. Báwo la ṣe mọ̀ pé ó ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa? Ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ṣí ní 1957. Ní 1960, ní ẹ̀ka tó ń yẹ ẹran-ara wò níbẹ̀, nígbà ayé Ọ̀jọ̀gbọ́n G. M. Edington, ni wọ́n dá ìwé àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ Ìbàdàn sílẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó pẹ́ jù ní Áfíríkà, iye tó wà nínú rẹ̀ sì wọ ìwé àkójọ jẹjẹrẹ àgbáyé àkọ́kọ́ tó jáde ní 1966. Irú àkọsílẹ̀ báyìí máa ń ní àyè fún ọ̀nà tí wọ́n gbà mọ àrùn: ojú dókítà, àwòrán, ẹran-ara tí wọ́n yẹ̀ wò, tàbí ìwé ikú. Jẹjẹrẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ kíndìnrín kò lè wọlé láti ojú dókítà, kò lè wọlé láti orí àwòrán. Bí ẹran-ara kò bá dé láàbù, tí ẹbí kò sì gbà kí wọ́n yẹ òkú wò, tí ọ̀pọ̀ wa kì í sì í gbà torí àṣà àti torí pé a máa ń tètè sìnkú, kò sí ọ̀nà mìíràn tí yóò gbà wọnú ìwé. N kò sọ pé ó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ìmọ̀ gbogbo ayé fi hàn pé kò wọ́pọ̀ níbikíbi. Mo ń sọ pé a kò lè fi iye tí a kò tíì kà ṣe ìdí tí a kò fi ní í wò.

Ìwé tó ń bá igò náà rìn kò gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n kọ “kókó kíndìnrín” nìkan sí. Kí wọ́n kọ ọjọ́ orí, iye oṣù tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá tó sì ń lọ, bóyá wọ́n rí ẹyin aràn, bóyá wọ́n ti lo praziquantel, bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AS, bóyá ó ń hú ikọ́ ẹlẹ́jẹ̀, wákàtí tí wọ́n yọ ẹran náà, wákàtí tó wọ formalin, àti bóyá wọ́n là á sí méjì. Ojú ìwé kan gbà á, nọ́ọ̀sì sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ láti Móníyà.